Ẹnà Tuntun, Fóònù Àtijọ́: Àgbéyẹ̀wò Kan láti Jídà dé Mẹ́kà

Láti 1981 ni àwọn àgọ́ funfun gàgàrà ti bo gbọ̀ngàn àwọn alálàájì ní pápákọ̀ òfurufú Ọba Abdulaziz ní Jídà. Abẹ́ wọn ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Sàúdí. Láyé ìgbà kan, ohun tí ìyá àgbà máa ń dì mú gírígírí níbẹ̀ ni pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, báàgì kékeré tó fi kọ́rùn, àti ike omi rẹ̀. Lóde òní fóònù ti kún un. Ó sì sábà máa ń jẹ́ fóònù tí ọmọ rẹ̀ ti lò fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ní Èkó kó tó fi ta á lọ́rẹ: gíláàsì rẹ̀ ti là, bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Kí ọkọ̀ òfurufú tó balẹ̀, ó ti kú pátápátá. Wọ́n fi í síná, ó jí, àmọ́ ọjọ́ tó gbé wá sójú jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún kan tó ti kọjá tipẹ́. Ìyá ní kí ẹnì kan bá òun ṣí ìkànnì tí ọmọ òun sọ. Fóònù dáhùn lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ọ̀nà yìí kò ní ààbò. Ìyá kò ka Gẹ̀ẹ́sì, ọmọkùnrin tó ń ta káàdì SIM lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì gbọ́ Yorùbá.

Irú ìdààmú yìí kò kéré mọ́. Láti ìgbà tí ìjọba Sàúdí ti gbé áàpù Nusuk jáde ní 2022, orí rẹ̀ ni èèyàn ti ń gba àṣẹ Úmúrà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gba àyè láti wọ Rawdah nínú mọ́sálásí Ànábì ní Mọdínà. Hájì 2025 kó èèyàn 1,673,230 jọ, 1,506,576 nínú wọn ló ti ilẹ̀ òkèèrè wá. A ò lè ní kí gbogbo ogunlọ́gọ̀ yìí lọ ra fóònù tuntun kí wọ́n tó wá jọ́sìn. A ò sì lè gbé nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù wọn àti àwòrán ojú wọn gba ojú ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì kọjá láìbò ó. Ẹni tó ń tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì dání, ló wà láàárín méjèèjì.

Àwa tí a dàgbà láàárín ọmọ Yorùbá mọ ẹnà. Àwọn ọmọdé á máa ki sílébù àjèjì bọ àárín ọ̀rọ̀ kí àgbàlagbà tó wà nítòsí má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Iṣẹ́ ẹnà yìí ni TLS ń ṣe láàárín fóònù àti sáfà. Àmọ́ tọ̀tún-tòsì ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹnà kan náà. Fóònù á kọ́kọ́ kí sáfà, á ka gbogbo ẹnà tó gbọ́ fún un. Sáfà á mú ọ̀kan níbẹ̀, á sì mú ìwé ẹ̀rí jáde pé lóòótọ́ òun ni ẹni tí òun pe ara òun. Bí wọn ò bá ní ẹnà kan pọ̀, ìkíni parí síbẹ̀. Bí fóònù kò bá mọ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí náà, ó parí síbẹ̀. Bí ọjọ́ ojú fóònù bá sì ti ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé ẹ̀rí, bíi ti ìyá yẹn, fóònù á ní ìwé tí wọn ò tíì kọ ni wọ́n gbé wá bá òun.

Ẹnà a sì máa gbó. SSL 3.0, tí TLS rọ́pò, jáde ní 1996, TLS 1.0 ní 1999, TLS 1.1 ní 2006, TLS 1.2 ní 2008, TLS 1.3 ní oṣù Kẹjọ 2018. Mélòó nínú wọn ló yẹ kí sáfà ṣì máa dá lóhùn?

Àánú ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yìí. Ó ní ká fi gbogbo wọn sílẹ̀: kí ẹni tó ní tuntun lo tuntun, kí ẹni tó ní àtijọ́ lo àtijọ́. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìtàn tí wọ́n pè ní FREAK ló yí mi lọ́kàn padà. Ní àwọn ọdún 1990, ìjọba Amẹ́ríkà kò fẹ́ kí ẹnà tó le jáde kúrò nílẹ̀ wọn, nítorí náà àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ẹnà aláìlágbára kan fún títà sókè òkun, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ju bíìtì 512 lọ. Òfin náà rọ̀ ní 2000. Ẹnà aláìlágbára náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́, síbẹ̀ wọ́n fi í sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ sáfà, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bóyá ẹnì kan ṣì wà níbì kan tó ń lò ó. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá. Ní oṣù Kẹta 2015, àwọn olùwádìí fi hàn pé ẹni tó bá lúgọ sáàárín ọ̀nà lè yí ìkíni náà padà, kí fóònù tó dára àti sáfà tó dára wá máa fi ẹnà jákujàku yẹn bára wọn sọ̀rọ̀, kí àwọn méjèèjì má sì mọ̀. Kọ̀ǹpútà àyálò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi já kọ́kọ́rọ́ náà láàárín wákàtí díẹ̀, owó rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ti DROWN, èyí tó tún burú jù ú lọ. SSLv2, ẹnà tó ti kú láti ọdún gbọọrọ, ṣì wà nínú àwọn sáfà kan, pàápàá sáfà ímeèlì tẹ́nikẹ́ni kì í bojú wò. Bí sáfà ímeèlì yẹn bá ń lo kọ́kọ́rọ́ kan náà pẹ̀lú ìkànnì tó ti wọ aṣọ tuntun, olè lè ti ara òkú náà tú ọ̀rọ̀ àwọn alààyè. Àwọn tó ṣàwárí rẹ̀ ṣírò pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo sáfà HTTPS lágbàáyé ni ọ̀ràn náà kàn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí a ṣí sílẹ̀ nítorí arúgbó kan, kì í ṣe arúgbó nìkan ni olè ń gba ibẹ̀ wọlé tọ̀. Ibí ni ọ̀rọ̀ àánú ti kọ́kọ́ kọsẹ̀.

Ẹni tó bá ti sùn sí ilé ìtura ní Mẹ́kà nígbà Hájì mọ bí Wi-Fi ibẹ̀ ṣe rí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún àlejò láti orílẹ̀-èdè mélòó kan ń lo orúkọ kan àti páswọ́ọ̀dù kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri lẹ́bàá ẹ̀rọ agbéniròkè. Ẹnikẹ́ni nínú wọn lè jẹ́ ẹni tó lúgọ yẹn. Fífi ayédèrú ìwé ẹ̀rí tan èèyàn jẹ kì í sì í ṣe àlá: ní 2011 àwọn ọ̀daràn wọ ilé-iṣẹ́ DigiNotar ní Netherlands, wọ́n fi àṣẹ rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀rí èké lórúkọ Google, àwọn ará Iran tí wọ́n fi gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn sì tó nǹkan bí 300,000. Ilé-iṣẹ́ náà wó lọ́dún kan náà.

Sàúdí fúnra rẹ̀ ti jẹ ìyà tirẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ 2012, nígbà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Saudi Aramco ti lọ sílé fún Lailatul Qadri, àrùn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Shamoon pa ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà bí 30,000 níbẹ̀ rẹ́. Ẹnà kọ́ ló bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ orílẹ̀-èdè náà kọ́ pé àwọn ọ̀tá mọ kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí dáadáa. Ní oṣù Kẹwàá 2017 ni wọ́n dá àjọ tó ń rí sí ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ní 2020 àjọ náà gbé ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ẹnà jáde. Ìjọba kan tó ní ìlànà lórí ẹnà kò lè máa gba TLS 1.0 láyè nítorí pé àwọn àlejò rẹ̀ kò lówó fóònù.

Ọdún 2020 yẹn gan-an ni gbogbo nǹkan pàdé. Àwọn tó ni bíráúsà ńláńlá ti fẹnu kò pé TLS 1.0 àti 1.1 gbọ́dọ̀ lọ. Firefox ti wọ́n dànù ní oṣù Kẹta. Àjàkálẹ̀ Kòrónà dé, ó wá hàn pé àwọn ìkànnì ìjọba kan tí aráàlú ti ń wá ìròyìn nípa àrùn náà kò gbọ́ ẹnà míì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ Firefox dá wọn padà. Mi ò rí i sí àṣìṣe rárá. Nínú gbogbo ìtàn yìí, ìgbà díẹ̀ ni mo rí ẹni tó ní agbára láti ti ilẹ̀kùn, tó sì dúró wo ẹni tó ṣì wà níta. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, Chrome àti Firefox ti ti ilẹ̀kùn náà pa. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni Sàúdí tún ṣí Úmúrà, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, áàpù kan tí wọ́n pè ní Eatmarna ni èèyàn sì gbọ́dọ̀ fi gba àṣẹ. Ọdún tí ẹnà àtijọ́ kú ni fóònù di ìwé ìwọ̀lú Mẹ́kà.

Ta wá ni ilẹ̀kùn títì ń dá dúró síta? Níbí ni ìtàn Let's Encrypt ti wúlò. Ilé-iṣẹ́ aláìlérè yìí ń fún ìkànnì ní ìwé ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́, òun ló sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí apá ńlá nínú íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, fóònù kankan kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà ó ní kí àgbà kan tí gbogbo fóònù ti mọ̀, IdenTrust, bá òun fọwọ́ sí i. Ìwé àgbà yìí máa parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2021. Ní oṣù Kọkànlá 2020, Let's Encrypt kéde pé fóònù Android tí ẹ̀dà rẹ̀ bá ti ṣáájú 7.1.1 kò ní mọ òun mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, àwọn fóònù bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ ìdá 33.8 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo Android. Ọ̀kan nínú mẹ́ta! Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún àwọn tó ni ín ni pé kí wọ́n lo Firefox, torí Firefox gbé àkójọ ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ rìn, kò dúró de ti fóònù.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ọ̀nà míì. Wọ́n ṣàkíyèsí pé Android kì í wo ọjọ́ ìparí lórí ìwé àwọn àgbà tó ti mọ̀ láti ilé. Nítorí náà IdenTrust fọwọ́ sí ìwé kan tó máa pẹ́ ju ìwé tirẹ̀ gan-an lọ, títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2024. Àwọn fóònù àtijọ́ rí ọdún mẹ́ta gbà. Àmọ́ ibi tí a ti ń tọ́jú arúgbó kan, a tẹ òmíràn mọ́lẹ̀: nígbà tí ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2021 pé, àwọn sáfà àti ẹ̀rọ tó ń lo ètò ẹnà OpenSSL 1.0.2 àtijọ́ rí orúkọ àgbà tó ti parí nínú ẹ̀wọ̀n ìwé náà, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìkànnì púpọ̀ dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo máa ń rántí èyí bí mo bá ń gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bíi pé “ohun àtijọ́” jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Fóònù àtijọ́ àti sáfà àtijọ́ lè máa fa ara wọn láṣọ ya.

Síbẹ̀, ọdún mẹ́ta yẹn ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Let's Encrypt tún ka iye rẹ̀ ní 2023, ìdá 93.9 nínú ọgọ́rùn-ún Android ló ti mọ̀ ọ́n. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àmọ́ ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́ sí arọ létí ní èdè tó gbọ́, kí ọjọ́ tó pé.

Ohun kan wà tó máa ń yọjú ní ilẹ̀ Lárúbáwá, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láti ibòmíì kì í tètè rò. Lórí àwọn Android àtijọ́ kan, bí áàpù bá ní kí fóònù ṣe kọ́kọ́rọ́ ẹnà fún òun, fóònù á kọ ọjọ́ sí ara ìwé ẹ̀rí kékeré tó bá kọ́kọ́rọ́ náà rìn. Bí èdè fóònù bá jẹ́ Lárúbáwá, fóònù á fi nọ́ńbà Lárúbáwá kọ ọjọ́ náà, ١٤ dípò 14, ẹ̀ka míì nínú fóònù kan náà kò sì ní lè kà á. Áàpù á ṣubú lulẹ̀. Àwọn tó ń ṣe áàpù rí oògùn kan sí i: kí wọ́n yí èdè padà sí Gẹ̀ẹ́sì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí wọ́n ṣe kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n sì yí i padà. Ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà tún wà ńbẹ̀. Fóònù tí wọ́n bá tò sí ètò Sàúdí lè gbà pé ọdún 1446 ni a wà, kó sì fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí sáfà tó ń retí 2025. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọ̀ràn báyìí, ẹnà kò jẹ̀bi; ọjọ́ ló ṣìnà. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fóònù ìyá tó rò pé ọdún àtijọ́ ni.

Kí wá ni ìdájọ́ mi? Mo gbà pé ká kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ni ohun àtijọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà Windows XP nínú ọ́fíìsì aṣojú arìnrìn-àjò, ní Èkó tàbí ní Jídà, ẹ má ṣàánú rẹ̀. Microsoft ti ṣíwọ́ ìtọ́jú XP láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin 2014, àti Windows 7 láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní 2020. Ẹni tó gba owó Hájì lọ́wọ́ àwọn èèyàn, tó sì ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tọ́jú pásípọ́ọ̀tù wọn, ohun ìní ẹlòmíì ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Kí sáfà kọ̀ ọ́ lóhùn títí á fi ra òmíràn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ fóònù ìyá àgbà tí kò ní òmíràn, ẹni tó lágbára ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba, níwọ̀n ibi tí kò ti ní fi àwọn yòókù sínú ewu.

Ó sì ṣeé ṣe. Mozilla, tó ni Firefox, ti kọ ìlànà mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn olùtọ́jú sáfà: ti ìgbàlódé tó ń gba TLS 1.3 nìkan, tó ń béèrè Android 10 ó kéré tán. Ti àárín tó ń gba 1.2 àti 1.3, tí Android 4.4.2 pàápàá lè bá sọ̀rọ̀. Àti ti àtijọ́ tó ń gba gbogbo ará ìgbàanì títí kan XP. Ìkànnì tó ń gba àwọn alálàájì, ti àárín ni mo dìbò fún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ní fóònù tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí yóò tì mọ́ta. Ìyàtọ̀ díẹ̀ ló wà láàárín áàpù àti bíráúsà pẹ̀lú. Láti Android 4.1 ni fóònù ti gbọ́ TLS 1.2, àmọ́ títí di 5.0 wọn ò jẹ́ kó máa sọ ọ́ fúnra rẹ̀; ẹni tó bá ń ṣe áàpù lè tú u sílẹ̀ nínú áàpù tirẹ̀ pẹ̀lú ìlà kóòdù díẹ̀. Tí kò bá ṣe é, kò rójú ṣe é ni.

Bí ẹnì kan bá sì rí i pé ilẹ̀kùn àtijọ́ kò ṣeé tì, kí ilẹ̀kùn náà ní ilé tirẹ̀: orúkọ ọ̀tọ̀, sáfà ọ̀tọ̀, kọ́kọ́rọ́ ọ̀tọ̀. Ẹ̀kọ́ DROWN nìyẹn. Kí ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà jẹ́ ohun tí gbogbo ayé lè rí láìsí ìpalára, bíi àkókò bọ́ọ̀sì tàbí ibi tí ilé ìwòsàn wà ní Mínà, láìsí pásípọ́ọ̀tù, láìsí owó. Kí wọ́n sì fi ojúewé kan síbẹ̀ tó ń sọ ní Yorùbá, ní Háúsá, ní Lárúbáwá, pé fóònù yìí ti gbó jù, ohun tí o máa ṣe nìyí. Nígbà tí ìkíni bá ti kùnà, sáfà kò ní ẹnu tó fi máa ṣàlàyé mọ́. Bíráúsà ló ń sọ ohun tó bá wù ú lédè tó bá wù ú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé gbọ́dọ̀ ti pèsè ibi tó ti máa sọ ọ́ sílẹ̀.

Káàdì Nusuk tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín fún àwọn alálàájì ní 2024 náà wú mi lórí. Ike ni, ó ṣeé fi kọ́rùn, kò sì bìkítà irú Android tó wà lápò ẹni. Mi ò mọ ohun tó dára jù ú lọ fún ẹni tí bátìrì rẹ̀ kú ní Àráfà.

Ó ku ọ̀rọ̀ àkókò. Ọjọ́ Àráfà bọ́ sí ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ní 2024, ó bọ́ sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ní 2025. Bẹ́ẹ̀ ló ń fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún. Ọjọ́ ìparí ìwé ẹ̀rí kò mọ Hájì. Àwọn tó ń ṣòfin ìwé ẹ̀rí ti fọwọ́ sí i ní 2025 pé láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2029, ìwé ẹ̀rí kan kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ 47 lọ. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ pààrọ̀ rẹ̀ báyìí, á pàdé ọjọ́ ìparí rẹ̀ láàárín Hájì lọ́jọ́ kan. Kí ẹ̀rọ máa pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹnà kan bá sì tó kú, kí wọ́n sin ín ní oṣù Mùhárámù, nígbà tí àwọn alálàájì ti padà sílé, kí wọ́n ti kéde ọjọ́ ìsìnkú láti Hájì tó ṣáájú.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àjọ tó ń mójú tó àwọn alálàájì ní ìpínlẹ̀ wa ni pé kí wọ́n fi fóònù kún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ṣe kí àwọn arìnrìn-àjò tó gbéra, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ní wíwọ ìhírámù. Ìwọ ọmọ tó o sì máa fún ìyá rẹ ní fóònù rẹ àtijọ́, má kàn yọ SIM rẹ kúrò kó o gbé e fún un. Jókòó tì í nílé. Fi fóònù síná títí á fi kún, jẹ́ kó máa mú ọjọ́ àti àkókò fúnra rẹ̀ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wo iye tí wọ́n kọ síwájú Android rẹ̀, gba gbogbo àtúnṣe tó bá ṣì ń wọlé, kó o sì bá ìyá ṣí áàpù náà lójú ara rẹ kí ó tó kúrò nílé. Ìdajì wákàtí ni gbogbo rẹ̀ máa gbà.